Ohun tí ojú lè wọ̀n àti ohun tí kò lè wọ̀n: ìrírí mi lẹ́nu iṣẹ́ yíya òǹkà sí àwòrán

Iṣẹ́ mi ni láti máa sọ òǹkà di àwòrán. Àjọ kan tí ó ń bójú tó ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú ìlera ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Lóṣooṣù, ilé ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan a máa fi iye àwọn ọmọ ọwọ́ tí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ránṣẹ́ sí wa, èmi a kó gbogbo rẹ̀ jọ, n ó sì yà á kí àwọn tí ń ṣe ìpinnu lè mọ ibi tí ó yẹ kí wọ́n gbé òṣìṣẹ́ àti oògùn lọ. Mo ń kọ ìrírí yìí sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́, nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn ilé ìtọ́jú wọ̀nyẹn ń rẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó fura, bẹ́ẹ̀ òǹkà rẹ̀ wà lórí tábìlì níwájú wa lóṣooṣù. Ẹnikẹ́ni kò fi òǹkà náà pamọ́, ẹnikẹ́ni kò sì ṣì í kọ. A yà á lọ́nà tí ojú ènìyàn kò fi lè rí i ni.

Bí a ṣe ń yà á nígbà náà nìyí. Oṣù kọ̀ọ̀kan ní òbìrìkítí tirẹ̀. A ó pín òbìrìkítí náà sí ìpín-ìpín, ìpín kan fún ilé ìtọ́jú kan, a ó sì fi àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kun wọ́n. Ètò kọ̀ǹpútà tí a ń lò tún máa ń dẹ òbìrìkítí náà sẹ́yìn díẹ̀, ó sì máa ń fún un ní nínípọn, kí ó lè dà bí ohun tí a lè fi ọwọ́ gbé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá a lẹ́nu iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń ṣe é lọ, nítorí pé gbogbo ènìyàn ni ó ń sọ pé ó rẹwà. Nígbà tí ìròyìn dé pé àwọn ọmọdé ní agbègbè ilé ìtọ́jú kan ń ṣe àìsàn tí abẹ́rẹ́ yẹn ì bá dènà, mo padà sí òǹkà àtẹ̀yìnwá, mo mú ti ilé ìtọ́jú kan ṣoṣo yẹn, mo sì fi ìlà so oṣù kan mọ́ òmíràn. Ìlà náà ń wálẹ̀ láìdúró. Ara mi bù máṣọ. Ohun tí mo ti ń tẹ̀ jáde lóṣooṣù láìrí i ni ojú mi rí kí n tó mí lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wa dá a lábàá pé kí a pa àwòrán tì pátápátá, kí a máa fi òǹkà nìkan ránṣẹ́, kí a sì fi ìṣirò àárín wọn, ìyẹn àpapọ̀ wọn tí a pín sí iye wọn, sí ìsàlẹ̀. Pẹ̀lú ìbànújẹ́ tí ó wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Àpẹẹrẹ kan tí Francis Anscombe, onímọ̀ ìṣirò, tẹ̀ jáde ní ọdún 1973 ni ó dá mi dúró. Ó gbé ìsọ̀rí òǹkà mẹ́rin kalẹ̀, àmì 11 sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àárín òǹkà tí ó wà ní ìbú jẹ́ 9, àárín èyí tí ó wà ní òró jẹ́ 7.5, ìlà títọ́ tí ó sì bá àwọn àmì náà mu jù lọ kò yàtọ̀ láti ọ̀kan dé èkejì. Ẹni tí ó bá ka ìṣirò nìkan yóò búra pé ohun kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá yà wọ́n, ti àkọ́kọ́ fọ́n ká yí ìlà kan ká, ti èkejì tẹ̀ kọdọrọ, ti ẹ̀kẹta tò lórí ìlà títọ́ àfi àmì kan tí ó ya kúrò, ti ẹ̀kẹrin sì tò jọ lójú kan, àmì kan ṣoṣo ni ó dá dúró lọ́nà jíjìn. Mo fi í han ọ̀gá wa, a sì gbà pé a kò ní pa àwòrán tì. Ohun tí ó kù ni láti mọ irú àwòrán tí ojú lè gbẹ́kẹ̀ lé.

Ọdún 1984 ni William Cleveland àti Robert McGill, tí wọ́n ń ṣe ìwádìí ní Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà, tẹ iṣẹ́ kan jáde tí ó dáhùn ìbéèrè yìí dáadáa. Wọ́n fi oríṣiríṣi àwòrán han àwọn ènìyàn, wọ́n ní kí wọ́n fojú díwọ̀n bí ohun kan ṣe kéré sí òmíràn tó, wọ́n sì wo bí àṣìṣe wọn ṣe pọ̀ tó. Ohun tí ojú wọ̀n dáadáa jù lọ ni ipò tí àmì wà lórí ìwọ̀n kan náà. Nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ tí wọ́n gbé kalẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni gígùn, igun àti bí ìlà ṣe dagun sí, lẹ́yìn náà ni fífẹ̀ ojú nǹkan, bí àwọ̀ sì ṣe ki tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Nígbà tí wọ́n fi ipò wé igun, àṣìṣe tí igun fà tó nǹkan bí ìlọ́po méjì. Ní ọdún 2010, Jeffrey Heer àti Michael Bostock tún ìdánwò náà ṣe pẹ̀lú àwọn ènìyàn tí wọ́n rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà sì dúró bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo ka èyí, ó hàn sí mi pé ohun tí a ń bi àwọn òǹkàwé wa kọjá agbára ojú. A ń ní kí wọ́n wo igun kan nínú òbìrìkítí oṣù yìí, kí wọ́n gbé e sórí, kí wọ́n lọ sí òbìrìkítí oṣù tí ń bọ̀, kí wọ́n wá ìpín tí ó ní àwọ̀ kan náà, kí wọ́n sì sọ èyí tí ó kéré. Dídẹ tí a dẹ òbìrìkítí náà sẹ́yìn tún ba igun rẹ̀ jẹ́, nítorí pé ìpín tí ó wà níwájú a máa fi nínípọn rẹ̀ hàn, a sì dà bíi pé ó tóbi ju iye rẹ̀ lọ. Ilé ìtọ́jú tí ń rẹ̀yìn náà wà níwájú gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ṣe tò nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí púpọ̀, nítorí pé ọ̀ṣọ́ ni ó fà á.

N kò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ya òbìrìkítí mọ́. William Playfair, ẹni tí ó tẹ àwòrán ìlà àti ti ọ̀pá jáde nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1786, ni ó tún ya òbìrìkítí alápínpín nínú ìwé mìíràn ní ọdún 1801. Ìdajì àti ìdámẹ́rin kò ṣòro fún ojú láti dá mọ̀. Bí ìpín bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, tí ìbéèrè sì jẹ́ bóyá ohun kan ju ìdajì lọ, òbìrìkítí yóò ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Tiwa ju bẹ́ẹ̀ lọ.

A bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìwé náà padà. Òkìtì wàhálà àkọ́kọ́ ni máàpù tí a fi ń fi iye ọmọ hàn, tí òbìrìkítí kan dúró fún ilé ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ṣe ètò rẹ̀ ti fi iye ọmọ sọ ìbú òbìrìkítí, tí ó fi jẹ́ pé ilé ìtọ́jú tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ti èkejì gba àyè ìlọ́po mẹ́rin lójú máàpù. Gbòǹgbò oníbejì iye náà, ìyẹn òǹkà tí ìsọdipúpọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ yóò fún wa ní iye náà, ni ó yẹ kí a fi ṣe ìbú rẹ̀. A tún un ṣe, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó, nítorí ohun tí S. S. Stevens, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti fi hàn láti ọdún 1957 nípa bí ara ṣe ń wọ̀n nǹkan: ojú máa ń rí gígùn bí ó ṣe rí gan-an, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ojú a máa kà á sí ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe fi máàpù sílẹ̀ fún ìbéèrè ibi tí nǹkan wà nìkan, tí a sì fi ọ̀pá dáhùn ìbéèrè iye.

Ọ̀pá pàápàá ní òfin tirẹ̀. Gígùn ni ojú ń wọ̀n lára rẹ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Alábàáṣiṣẹ́ mi kan fẹ́ kí ìyàtọ̀ hàn dáadáa, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀pá rẹ̀ láti 80. Ilé ìtọ́jú kan wà ní 84 nínú ọgọ́rùn-ún, èkejì wà ní 88, ọ̀pá èkejì sì gùn ní ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Ó kọ òǹkà tí ó tọ̀nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ti parí ẹjọ́ kí ẹnikẹ́ni tó ka òǹkà. Bí ó bá jẹ́ pé ìyàtọ̀ kékeré ni ó ṣe pàtàkì, kí a fi àmì tàbí ìlà yà á, nítorí pé ipò àti dídagun ni ojú ń wò lára àwọn wọ̀nyí, a sì lè bẹ̀rẹ̀ wọn láti ibòmíràn bí a bá kọ ọ́ síbẹ̀ kedere.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù lọ ni ti ìlà méjì. Mo rò pé mo ti dé èbúté nígbà tí mo ya ìlà iye ọmọ tí ó yẹ kí ó gba abẹ́rẹ́ àti ìlà iye ọmọ tí ó gbà á papọ̀. Àlàfo tí ó wà láàárín wọn ni iye ọmọ tí a pàdánù, ohun tí a sì fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn. Ìlà méjèèjì ń gòkè, wọ́n sì gòkè gan-an ní apá ìparí ọdún. Gbogbo wa wò ó, inú wa dùn pé àlàfo náà ń dín kù. Nígbà tí mo yọ òǹkà kan kúrò nínú èkejì láti kọ ìròyìn, mo rí i pé ó ń pọ̀ sí i. Mo tún ìṣirò náà ṣe, mo rò pé mo ṣì í ni. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ojú kì í wọ̀n àlàfo ìlà méjì lóòró bí ìṣirò ti ń ṣe. Ibi tí ìlà méjèèjì ti súnmọ́ ara wọn jù ni ó máa ń wọ̀n, ìyẹn ni pé ó máa ń dábùú ìlà. Bí ìlà bá dagun gan-an, wọn yóò dà bí ohun tí ó súnmọ́ra, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àlàfo òró wọn ti fẹ̀. Cleveland àti McGill ti kìlọ̀ nípa èyí pẹ̀lú. Láti ọjọ́ náà, bí ìyàtọ̀ bá ni ohun tí a fẹ́ mọ̀, ìyàtọ̀ náà gan-an ni mo máa ń yà, ní ìlà tirẹ̀, lórí ìwọ̀n tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ gba àkókò ju gbogbo rẹ̀ lọ. Nígbà tí a kọ́kọ́ sọ òbìrìkítí di ìlà, àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a fi ya ilé ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan, a sì to orúkọ wọn sínú àpótí kan ní apá ọ̀tún. Àwọn òǹkàwé ń wo ìlà, wọ́n ń wo àpótí, wọ́n ń padà sí ìlà, wọ́n sì ti gbàgbé. Mo rò nígbà náà pé wọn kò fara balẹ̀. Ṣùgbọ́n apá ibi tí ojú ti ń ríran kedere kéré púpọ̀, kò ju ìbú àtàǹpàkò lọ bí a bá na ọwọ́ síwájú, nítorí náà òǹkàwé kò lè rí ìlà àti àpótí papọ̀ ní kedere. Ohun tí ó bá rí ní ìhín ni yóò gbé lọ́kàn dé ọ̀hún, ọkàn kò sì lè gbé púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. George Miller, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, kọ ọ́ ní ọdún 1956 pé nǹkan bíi méje ni, kí ó fi méjì lé tàbí kí ó fi méjì dín. Nelson Cowan, onímọ̀ bíi tirẹ̀, tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò ní ọdún 2001, ó sì sọ pé nǹkan bíi mẹ́rin ni. Mo yọ àpótí náà kúrò, mo kọ orúkọ ilé ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan sí ìparí ìlà rẹ̀ gan-an. Mo fi àwọ̀ eérú ya gbogbo wọn, àfi èyí tí ọ̀rọ̀ kàn lóṣù náà, tí mo fi àwọ̀ tí ó ki yà.

Ìdí tí eérú yìí fi ṣiṣẹ́ wà nínú ohun tí Anne Treisman àti Garry Gelade, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, fi hàn ní ọdún 1980. Bí ohun pupa kan bá wà láàárín ọ̀pọ̀ ohun tí kì í ṣe pupa, yóò fo sí ojú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ì báà jẹ́ pé díẹ̀ ni ó yí i ká tàbí púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń wá ohun tí ó jẹ́ pupa tí ó sì tún jẹ́ róbótó, láàárín àwọn pupa tí kì í ṣe róbótó àti àwọn róbótó tí kì í ṣe pupa, a ó ní láti máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti fi àwọ̀ dúró fún agbègbè rí, tí mo fi ìrísí àmì dúró fún irú ilé ìtọ́jú, nínú àwòrán kan ṣoṣo, tí mo sì ń retí pé kí wọ́n tètè rí ohun tí mo rí. Èmi tí mo ti mọ ibi tí ó wà ni mo lè tètè rí i.

Ọkùnrin kan wà nínú àwọn ọ̀gá wa tí kì í sọ̀rọ̀ nípa máàpù wa. Àwọ̀ pupa ni a fi ń sàmì sí ibi tí nǹkan kò dára, àwọ̀ ewé sì ni ibi tí ó dára. Lẹ́yìn ìpàdé kan, ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun ni òun kò ti lè ya àwọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, àti pé ohun tí àwọn ẹlòmíràn bá sọ ni òun máa ń gbà. Ojú tì mí. Láàárín àwọn tí orírun wọn jẹ́ àríwá Yúróòpù, nǹkan bí ọkùnrin kan nínú 12 àti obìnrin kan nínú 200 ni ó ní irú ojú bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò sí ìpàdé ńlá tí irú wọn kò lè wà níbẹ̀. Búlúù àti àwọ̀ ọsàn ni a ń lò báyìí, mo sì máa ń rí i dájú pé ọ̀kan ṣókùnkùn ju èkejì lọ. Ọ̀nà tí mo fi ń dán an wò rọrùn: mo máa ń tẹ ojú ìwé náà ní dúdú àti funfun. Bí ìtumọ̀ rẹ̀ bá sọnù, àwòrán náà kò tíì ṣetán.

Àwọ̀ òṣùmàrè tí a ń fi ya ìwọ̀n láti orí kékeré dé ńlá náà lọ pẹ̀lú. Kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ sọ fún un pé àwọ̀ ewé ju búlúù lọ tàbí pé pupa ju ìyeyè lọ. Ìyeyè tí ó wà láàárín ni ó mọ́lẹ̀ jù, nítorí náà ojú a máa rí ààlà níbi tí òǹkà kò ní ààlà kankan. Àwọn tí ó ń ṣe matplotlib, ètò kọ̀ǹpútà fún yíya àwòrán, pa òṣùmàrè tì gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀dà 2.0 jáde ní ọdún 2017, wọ́n sì fi viridis rọ́pò rẹ̀, èyí tí ó ń mọ́lẹ̀ sí i ní ìwọ̀nba láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Fún máàpù, àwọn àwọ̀ tí Cynthia Brewer, onímọ̀ nípa máàpù, tò jọ sínú ColorBrewer ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, mo tún rí i pé ojú tí ó lè rí nǹkan kì í ṣe ojú tí yóò rí i dandan. Daniel Simons àti Christopher Chabris, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ṣe ìdánwò kan ní ọdún 1999, níbi tí wọ́n ti ní kí àwọn ènìyàn ka iye ìgbà tí àwọn tí ó wọ aṣọ funfun ju bọ́ọ̀lù sí ara wọn nínú fídíò. Ẹnì kan tí ó gbé aṣọ ìnàkí wọ̀ rìn gba àárín wọn kọjá, nǹkan bí ìdajì àwọn tí ń wò kò sì rí i. Ohun tí a bá ní kí òǹkàwé wá ni yóò rí. Nítorí náà, orí ọ̀rọ̀ tí mo ń kọ sí òkè àwòrán ti kúrò ní orúkọ àwòrán, ó ti di ohun tí àwòrán náà sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí pẹ̀lú, nítorí pé orí ọ̀rọ̀ tí ó darí ojú sí ibì kan ń darí rẹ̀ kúrò níbòmíràn. Mo máa ń fi ojú ìwé kan sílẹ̀ lóṣooṣù tí gbogbo ilé ìtọ́jú ní àwòrán kékeré tirẹ̀ níbẹ̀, lórí ìwọ̀n kan náà, láìsí orí ọ̀rọ̀ àti láìsí àwọ̀ tí ó yọrí, kí ẹni tí ń wò lè rí ohun tí èmi kò rí.

N kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ bóyá àwòrán dára lójú rẹ̀. Mo máa ń wá ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ wa, n ó fi àwòrán náà hàn án fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, n ó dà á bolẹ̀, n ó sì ní kí ó sọ ohun tí ó rí. Bí ó bá sọ àwọ̀ tàbí ọ̀ṣọ́ kí ó tó sọ ohun tí òǹkà ń sọ, mo ń padà sídìí rẹ̀.

Nígbà tí ó yá, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlà ilé ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí àwọn nọ́ọ̀sì tí òǹkà náà ti wá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀kan nínú wọn fi bíírò fa ọfà sí ibi tí ìlà tirẹ̀ ti já wálẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé fíríìjì tí àwọn ń kó abẹ́rẹ́ sí bàjẹ́ lóṣù náà, ó sì dá a padà sí wa. A fi àlàyé rẹ̀ sí ojú ibẹ̀ gan-an nínú ìwé tí ó tẹ̀ lé e. Nínú ìpàdé, ojú àwọn ọ̀gá lọ síbẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n sì béèrè ni ìgbà tí fíríìjì mìíràn yóò dé. Láti ìgbà náà ni a ti ń fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan fún ẹni tí ó mọ ìdí tí ó fi lọ sókè tàbí tí ó fi wálẹ̀ láti kọ ọ́ síbẹ̀.